Ṣé Kí N Sọ̀kalẹ̀ Nípò Kí Ọkàn Mi Lè Balẹ̀? Ìtọ́sọ́nà fún Òṣìṣẹ́ Tí Iṣẹ́ Ti Sú ní Èkìtì

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà kùnà nínú ìpinnu yìí. Àwọn kan á fi ìbínú ọjọ́ kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ kékeré tó kọ́kọ́ yọjú, kí oṣù mẹ́ta sì tó pé, ohun tí wọ́n sá fún ti bá wọn níbi tuntun. Àwọn kejì kò ní lọ rárá. Ojú ará ìlú ni wọ́n ń wò, wọ́n á máa gbé àìsùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru kiri títí ara á fi kọ̀ fún wọn. Ẹni tó wà nípò ọ̀gá, igbákejì ọ̀gá tàbí olórí ẹ̀ka, tó ń ronú àtigba iṣẹ́ tó kéré sí èyí tó ń ṣe, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má fò ìgbésẹ̀ kankan. Ó lè gbà yín tó oṣù mẹ́ta, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé àjákọ kan tí kò ní dé ibi iṣẹ́. Payslip oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì kà láti ọjọ́ tí a ti fọwọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì yín. Iye tí ẹ ní àti iye tí ẹ jẹ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àti ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ kékeré tí ẹ ń wò yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́, tó máa sọ òótọ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun náà gan-an tó ń dùn yín

“Iṣẹ́ yìí ti sú mi” kò tíì tó ìdí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà méjì péré: ohun tó dùn yín jù lọ́jọ́ náà, àti ohun tó múnú yín dùn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá kọ “wọ́n fi mí wọ́lẹ̀”, ẹ ò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ “ọ̀gá bá mi wí níwájú àwọn tí mò ń darí, nítorí ìwé tí wọn ò tíì fún mi.”

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé ìwé aládàáni kan ní Adó. Ìwé rẹ̀ lè rí báyìí:

Ọjọ́ Ajé: òbí méjì pariwo mọ́ mi ní ọ́fíìsì nítorí owó ilé ìwé. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì kò wá, mo wọ SS2 lọ kọ́ wọn. Mi ò mọ ìgbà tí aago lù.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mo kọ ìwé ìbáwí fún olùkọ́ méjì. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi.
Ọjọ́rú: ìpàdé pẹ̀lú onílé ìwé títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọmọ SS2 kan wá bi mí ní ìbéèrè lórí ohun tí mo kọ́ wọn.
Ọjọ́bọ̀: wọ́n ní kí n lé àwọn ọmọ tí kò tíì sanwó sílé. Ojú mi kò gbà á.

Ẹ wo ibi tí ayọ̀ rẹ̀ wà, ẹ wo ibi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ wà. Iṣẹ́ olùkọ́ kò sú u rárá. Ipò igbákejì ọ̀gá ló sú u. Ká ní ó kàn jókòó sọ pé iṣẹ́ ti sú òun ni, ó lè lọ gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, kó sì fi ohun kan ṣoṣo tó ń mú inú rẹ̀ dùn sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìbànújẹ́ kọ̀ọ̀kan: èèyàn, owó, ipò, tàbí ara. “Èèyàn” ni bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fa ọ̀rọ̀. “Owó” ni bí owó oṣù bá kéré tàbí tó ń pẹ́. “Ipò” ni bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ ipò yín: dídarí èèyàn, wíwá owó fún ilé iṣẹ́, fífọwọ́ sí ohun tí ọkàn yín kò fẹ́. “Ara” ni bó bá jẹ́ àárẹ̀ tàbí àìsàn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* kíkọ ọjọ́ ìjà nìkan. Ọjọ́ tí nǹkan lọ déédéé náà jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìjà ilé tó wọ aṣọ ìjà ibi iṣẹ́. Ẹni tí kò sùn lóru nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì ló máa korò lẹ́nu rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ parí gbólóhùn yìí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Bí … bá kúrò, mo lè dúró.” Bí ọ̀rọ̀ kan bá wá sí yín lẹ́nu kíákíá, tí ìwé àjákọ sì gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá wá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi ara yín bóyá ìsọ̀kalẹ̀ ló máa wo àrùn náà

Bó bá jẹ́ “èèyàn” ló pọ̀ jù nínú ìwé yín, ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí kí ẹ wá irú ipò yín níbòmíràn. Ọ̀gá burúkú máa ń burú jù fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ “owó” ni, ẹ ò nílò iṣẹ́ tó kéré, iṣẹ́ tó ń sanwó lásìkò ni ẹ nílò. Bó bá jẹ́ “ara”, tí ayọ̀ kò sì sí lọ́jọ́ ìsinmi náà, tí oorun ti lọ, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Ìpinnu tí èèyàn bá ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ mọ́ tí ara bá yá.

“Ipò” nìkan ni ìsọ̀kalẹ̀ ń wò. Bó bá sì jẹ́ òun ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ lè sọ̀kalẹ̀ níbi tí ẹ wà. Igbákejì ọ̀gá tá a sọ yẹn lè ní kí wọ́n dá òun padà sí kíláàsì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní já.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: láti 1 títí dé 17 ni ipele iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ipele 11. Ẹni tó wà ní ipele 12 tí wọ́n fi 10 lọ̀, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe méjì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé iṣẹ́ yín lọ sí ibi tuntun pẹ̀lú ọdún tí ẹ ti lò. Ẹ gba èsì rẹ̀ lórí ìwé. Ẹni tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú èsì yẹn lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò owó tó ń wọ báńkì, ẹ fi ti orí ìwé sílẹ̀

Ìṣirò tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé: “Ibí ń san ₦200,000, ọ̀hún máa san ₦120,000, mo ti pàdánù ₦80,000 nìyẹn.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó oṣù bá dín kù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí náà á dín kù, owó ọkọ̀ sì lè dín kù tàbí kó fò sókè.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀, ká gbà pé kò sí àyọkúrò mìíràn.

Iṣẹ́ àtijọ́, ₦200,000: ₦16,000 lọ fún ìfẹ̀yìntì. Owó ọdún tó kù jẹ́ ₦2,208,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦1,408,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦211,200 lọ́dún, ìyẹn ₦17,600 lóṣù. Èyí tó wọ báńkì: ₦166,400.

Iṣẹ́ tuntun, ₦120,000: ₦9,600 lọ fún ìfẹ̀yìntì. Owó ọdún tó kù jẹ́ ₦1,324,800. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦524,800. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦78,720 lọ́dún, ₦6,560 lóṣù. Èyí tó wọ báńkì: ₦103,840.

₦62,560 ni ìyàtọ̀. Ká wá ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ ń gbé, Adó lẹ ń lọ ṣiṣẹ́, tí àlọ àti àbọ̀ ń gba ₦1,500 lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ 22 lóṣù. ₦33,000 nìyẹn. Bí iṣẹ́ tuntun bá wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, àdánù yín gan-an kò ju ₦29,560 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Adó lẹ ń gbé, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síṣẹ́, tí iṣẹ́ kékeré náà sì wà ní Ìkẹ́rẹ́, àdánù yín ti di ₦95,560, ó ju ₦80,000 tó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù lọ. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà ni o.

Ẹ béèrè nǹkan méjì sí i. Ṣé wọ́n ń dá owó ìfẹ̀yìntì níbi tuntun? Òfin fi dandan lé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké kò tó bẹ́ẹ̀, ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ á sì bọ́ sọnù. Ṣé owó náà tó ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù? Òfin yẹn kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ó dájú.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ dán an wò. Fún oṣù méjì gbáko, lọ́jọ́ tí owó bá wọlé gan-an, ẹ fi ìyàtọ̀ náà pa mọ́ sí àpò owó mìíràn, kí ẹ fi ìyókù gbọ́ bùkátà. Mi ò mọ ohun tó dára ju èyí lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí. Ó ń sọ òótọ́ fún gbogbo ilé, ó sì ń kó owó jọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* gbígbàgbé owó tí kì í wá lóṣooṣù. Owó ilé tí à ń san lọ́dún, owó ilé ìwé táàmù tuntun, òkú bàbá ọ̀rẹ́, aṣọ ẹbí, ìrìn àjò Kérésì lọ sí abúlé. Ẹ kọ ti ọdún tó kọjá sílẹ̀ bí ẹ ṣe rántí, ẹ pín in sí méjìlá, kí ẹ fi kún ìnáwó oṣù.

*Àyẹ̀wò:* oṣù méjì ti pé, ẹ ò yá owó, ẹ ò fọwọ́ kan owó tí ẹ pa mọ́, ìjà kò sì sí nílé lórí owó ọbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, owó yẹn kò tíì tó yín. Ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ wá iṣẹ́ tó san díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tú ara yín sílẹ̀ nínú gbèsè ibi iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni alájẹṣẹ́kù ń dì mú níbi iṣẹ́ tó ti sú wọn. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó yíyá, nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa béèrè ìyókù. Wọ́n á fi owó tí ẹ ti dá dí i. Bí kò bá tó, àwọn onígbọ̀wọ́ yín ni wọ́n máa dì mú, àwọn tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán, tí wọ́n fọwọ́ sí i nítorí pé wọ́n fọkàn tán yín. Ẹ má ṣe é sí wọn. Ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ gba iye tó kù lórí ìwé, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè máa san án láti ìta.

Nípa owó ìfẹ̀yìntì: tiyín ni, nọ́ńbà PIN yín, ìyẹn nọ́ńbà àpò owó ìfẹ̀yìntì yín, kò ní yí padà bí ẹ bá yí ibi iṣẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn kan ń fọkàn sí i pé àwọn á gba ìdá 25 nínú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí kò sì tíì rí iṣẹ́ mìíràn, ni òfin fún láyè yẹn. Ẹ̀yin tó ń ti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ tuntun kéré tó.

*Àyẹ̀wò:* ìwé wà lọ́wọ́ yín láti ọ̀dọ̀ alájẹṣẹ́kù, ẹ ti rí i pé owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lórí payslip wọlé lóòótọ́, kò sì sí onígbọ̀wọ́ kankan tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bà yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tọ́ iṣẹ́ kékeré náà wò

Ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, bó bá ṣeé ṣe, fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ wo ohun tó ń ṣe ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Iṣẹ́ tó dùn ún wò láti orí àga ọ̀gá lè jẹ́ fáìlì kan náà láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìdánwò tó le jù níbẹ̀ ni ti ọ̀gá tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Á máa fi “ẹ” pè yín, á kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀, lẹ́yìn náà á ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún lẹ́tà yìí tẹ̀, ó ti ní àṣìṣe nínú.” Ó lè jẹ́ ọmọ tí ẹ kọ́ ní JSS. Ṣé ẹ lè sọ pé “ó ti dé” kí ẹ sì tún un tẹ̀, láìsí pé ẹ ń rántí ẹni tí ẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ẹ má dáhùn kíákíá. Ẹni tí kò bá lè gbà á á máa bá ọmọ ọlọ́mọ jà lójoojúmọ́, á sì tún máa wá iṣẹ́ kiri.

Ẹ bi wọ́n léèrè bákan náà bóyá ọ̀nà wà láti gòkè padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ara bá yá tí ọmọ sì ti dàgbà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá ilé sọ ọ́, ẹ má bá ìlú sọ ọ́

Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ là ń pe Èkìtì. Bí ẹ bá ti jẹ́ “ọ̀gá” ní Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé fún ọdún díẹ̀, orúkọ yẹn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé mọ́ṣáláṣí, ó ti dé ìpàdé ọmọ ìlú. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti fi í sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pe yín bẹ́ẹ̀ kò mọ iye wákàtí tí ẹ ń sùn.

Ọkọ tàbí aya yín gbọ́dọ̀ gbọ́, pẹ̀lú ìṣirò Ìgbésẹ̀ 3 lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó ti tó ọjọ́ orí náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa yí padà. Àgbà kan nínú ẹbí tó lè pa ẹnu mọ́ tó. *Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà* ni bíbéèrè lọ́wọ́ ogún èèyàn. Olúkúlùkù á fi ìbẹ̀rù tirẹ̀ gbà yín nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ á sì dé etí ọ̀gá kí ìwé yín tó dé ibẹ̀.

Fún ìta, ẹ pèsè gbólóhùn kan sílẹ̀: “Mo ti padà sí kíláàsì, ibẹ̀ ló wù mí.” Ó tán. Ẹni tó bá tún béèrè, ẹ bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ sọ gbólóhùn náà sókè níwájú ẹnì kan nílé. Bí ohùn yín kò bá yí padà, ẹ ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pinnu, kí ẹ tó kọ̀wé

Ẹ mú ọjọ́ kan tí kò sí nínú ọ̀sẹ̀ ìjà, tí kò sì sí nínú ọ̀sẹ̀ owó oṣù. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní àti ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ ní. Bí ó bá pé, ẹ gbà á. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ bá wọn dúnàá-dúrà. Bí méjì bá kù, ẹ jẹ́ kó lọ, òmíràn ń bọ̀.

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ títí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tuntun fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ni ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye àkókò tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ àtijọ́ ní kí ẹ fi sọ tẹ́lẹ̀; ohun tó wà níbẹ̀ ló de ẹni tó wà nípò alákòóso. Fún àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kàn, ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà kúrú: ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ọpẹ́, ó parí. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀dùn ọkàn yín síbẹ̀; fáìlì ni wọ́n máa fi í sí, ẹnì kan á sì tún kà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń béèrè nípa yín.

*Àyẹ̀wò:* ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti fa gbogbo kọ́kọ́rọ́ àti fáìlì lé ẹnì kan lọ́wọ́, ó sì ti fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ṣọ́ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ewu tó wà níbí ni pé wọ́n máa rí i pé ẹ mọ iṣẹ́ ju ipò yín lọ. Kí ó tó pẹ́, wọ́n á ní kí ẹ bá wọn ṣètò táìmù-tébù, kí ẹ bá òbí tó ń bínú sọ̀rọ̀, kí ẹ jókòó nípàdé. Ẹ ti padà di ọ̀gá nìyẹn, lórí owó oṣù ọmọ iṣẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ran wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ti òní nìkan ni.

*Àyẹ̀wò:* ní ìparí oṣù kẹta, ẹ fi ìwé tí wọ́n kọ fún yín síwájú, ẹ fàmì sí gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe tí kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá ju méjì lọ, ẹ mú un lọ bá ọ̀gá yín lọ́sẹ̀ yẹn: yálà kí wọ́n fi owó rẹ̀ kún un, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ni ín.